Akólòlò Á Pe Baba: Ọ̀rọ̀ Lórí Jọ́nàlì Tí A Kì Í Sanwó Kà

Nígbà tí mo sọ ní ìpàdé Press Club pé jọ́nàlì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé jọ́nàlì inú Accounting ni, èyí tí wọ́n ń kọ débíìtì àti krẹ́díìtì sí. Ẹ̀yin ará Commercial, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò bá yín du iṣẹ́ yín. Jọ́nàlì tí mò ń wí ni ìwé tí àwọn olùwádìí máa ń gbé iṣẹ́ wọn jáde sí. Ó máa ń jáde láti ìgbà dé ìgbà bí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rí òṣèlú tàbí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwádìí á kọ ohun tó ṣe, bó ṣe ṣe é, àti ohun tó rí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn lè kà á, kí wọ́n sì bá a jiyàn tó bá yẹ ní jíjiyàn. Ọdún 1665 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Paris àti ní London. Ti London yẹn, Philosophical Transactions, ṣì ń jáde títí dòní.

Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ tí kò ní jọ́nàlì tirẹ̀. Èyí tó kàn mí ni àwọn tó dá lórí ọ̀rọ̀ sísọ, èdè àti etí gbígbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní JSS2 ló gbé mi débẹ̀. Akólòlò ni. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, kí n má sì kọ ọ́ bíi pé àìsàn ń ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń gbọ́ nílé. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní ó sín akólòlò jẹ nígbà tó wà ní kékeré, ibẹ̀ ló ti kó o. Àwọn mìíràn ní ìkánjú ló ń dà á láàmú, gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu ni wọ́n máa ń kígbe, “Fara balẹ̀! Mí kanlẹ̀!” Tíṣà kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ tẹ́lẹ̀ ní agídí ni. Tí wọ́n bá ń pe rẹ́jísítà tí kò bá tètè dáhùn, pàṣán ni. Ó wá di pé àbúrò mi ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ délé ìwé, kí wọ́n lè ti pe rẹ́jísítà tán kó tó wọlé. Ó sọ fún mi pé pàṣán ẹni tó pẹ́ dé tẹ́ òun lọ́rùn ju pàṣán “present” lọ, torí pé ti apẹ́lẹ́yìn yẹn, àwọn mìíràn máa ń bá òun jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mo máa débẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù nìyẹn: kí ló ń fa kíkólòlò gan-an? Àkọlé pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ ọ̀kan, màá rí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti ìpínrọ̀ kúkurú kan, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn á tì. Wọ́n á ní kí n san ọgbọ̀n dọ́là, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n tó ka ìyókù. Fún ojú ìwé mẹ́wàá! Mi ò ní í ṣírò rẹ̀ sí náírà lórí pátákó yìí, kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà kì í rí kọ́bọ̀ nínú owó yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń gbà á.

Kí àpilẹ̀kọ kan tó wọ jọ́nàlì, ojú á rí i. Olùwádìí á fi í ránṣẹ́ sí olóòtú, olóòtú á fi í ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn yìí, tí wọn kì í sábà gbowó fún un, á tú u wò: ṣé àwọn ènìyàn tó yẹ̀ wò pọ̀ tó? Ṣé ohun tó ní òun rí ni ìṣirò rẹ̀ fi hàn lóòótọ́, àbí ohun tó wù ú kó rí ni? Wọ́n lè ní kó lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè dá a padà pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nàlì, ẹni tó kọ ọ́ kì í mọ orúkọ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dà bíi WAEC, tí tíṣà tí kò mọ̀ ẹ́ rí ń màákì ìwé rẹ níbi tí o kò mọ̀.

Àyẹ̀wò yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Lójú tèmi, lẹ́yìn tí ìwé bá jáde tán ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni lè kà á kó sì ní, “Ọ̀gbẹ́ni, kò rí bẹ́ẹ̀ o.” Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Wendell Johnson. Akólòlò ni òun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ká a lára. Ó gbà pé kì í ṣe ẹnu ọmọ ni kíkólòlò ti ń bẹ̀rẹ̀, etí òbí ni. Ó ní gbogbo ọmọdé ló ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ nínú ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Òbí á gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà á, á pe ọmọ náà ní akólòlò, ẹ̀rù á ran ọmọ, ọmọ á sì di akólòlò lóòótọ́. Ní ọdún 1939, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ dán nǹkan kan wò lára ọmọ 22 nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Davenport. Nínú wọn, ọmọ mẹ́fà wà tí ọ̀rọ̀ wọn já gaara, àmọ́ tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti ń di akólòlò, pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá àfi tí wọ́n bá lè sọ ọ́ kó dán mọ́rán. Oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń sọ èyí fún wọn. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í panu mọ́. Ojú ń tì wọ́n láti dá tíṣà lóhùn.

Ta ló gbọ́? Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló gbọ́. Wọn kò gbé iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nàlì kankan. Ìwé tí Tudor fi gboyè wà lórí pẹpẹ nílé ìkàwé yunifásítì yẹn, eruku ń bò ó, títí di ọdún 2001 tí ìwé ìròyìn kan ní California tú àṣírí rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni yunifásítì tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2007, ìpínlẹ̀ Iowa gbà láti san $925,000 fún àwọn tí wọ́n ṣe é sí àti àwọn ẹbí wọn. Wọ́n ti darúgbó nígbà náà, àwọn kan sì ti kú.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí. Nígbà tí ìwé náà jáde sí gbangba, àwọn olùwádìí méjì, Nicoline Ambrose àti Ehud Yairi, jókòó ti iye tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé èsì wọn sínú jọ́nàlì ní ọdún 2002. Wọ́n ní ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ náà kò ṣeé gbè, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú ìwé yẹn kò fi hàn pé ìkankan nínú wọn di akólòlò. Ẹ rò ó wò. Láti 1939 ni ìwé tó lè mú kí wọ́n bi Johnson léèrè ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó fi wà lórí pẹpẹ yẹn, ẹ̀kọ́ Johnson ń ràn kiri, wọ́n ń sọ fún àìmọye ìyá àti bàbá pé àwọn gan-an ló sọ ọmọ wọn di akólòlò.

Johnson tún ní èkejì, òun ló sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1944, ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ sọ pé àwọn Indian kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un. Àwọn Bannock àti Shoshone, ọmọ onílẹ̀ ní Idaho, ló ń wí. Ó ní wọn kò ní ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kíkólòlò nínú èdè wọn, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò sì rí akólòlò láàárín wọn, nítorí náà, níbi tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí, òun náà kò ní í sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́ létí, wọ́n sì ń tún un sọ nínú ìwé lóríṣiríṣi. Ọdún 1983 ni àwọn kan tó lọ béèrè dáadáa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn nínú jọ́nàlì, pẹ̀lú àkọlé tó fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní àwọn Indian ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún un. Wọ́n ní akólòlò láàárín wọn, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló gbà. Ta ni ì bá gbé jọ́nàlì ọdún 1944 lọ bá àgbàlagbà Shoshone kan nínú ilé rẹ̀, kí ó kà á, kí ó ní irọ́ ni?

(Ká ní ọ̀dọ̀ Yorùbá ni Johnson wá, ì bá ti bá òwe pàdé lẹ́nu ọ̀nà: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Gbogbo wa la ń fi òwe yìí gba ara wa níyànjú tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ń dà wá láàmú. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa ná. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé akólòlò mọ ohun tó fẹ́ sọ, àyè ló ń fẹ́.)

Ohun tó mú mi fẹ́ràn jọ́nàlì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nìyẹn, èyí tí Òyìnbó ń pè ní open access. Ní oṣù December 2001, àwọn onímọ̀ kan pàdé ní Budapest ní ilẹ̀ Hungary. Ní oṣù February 2002, wọ́n gbé ìkéde kan jáde pé íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, kò ná ni ní nǹkan púpọ̀ mọ́ láti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, nítorí náà kí ìwádìí àwọn onímọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkà nìkan kọ́ o. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìwé àṣẹ lára. Èyí tó lawọ́ jù nínú wọn gbà kí o dà á kọ, kí o tẹ̀ ẹ́, kí o túmọ̀ rẹ̀ sí èdè rẹ, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, bí o bá ti lè dárúkọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀kan tó sún mọ́ wa ni South African Journal of Communication Disorders, ti orílẹ̀-èdè South Africa. Ọ̀rọ̀ sísọ, èdè, etí, àti oúnjẹ gbígbé mì pàápàá wà nínú rẹ̀. (Mo béèrè ohun tó kan oúnjẹ nínú ọ̀rọ̀. Àwọn iṣan ẹnu àti ọ̀fun tí a fi ń sọ̀rọ̀ náà la fi ń gbé e mì, oníṣẹ́ kan náà ló sì ń tọ́jú méjèèjì.) Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé àwọn tó ń kọ sínú rẹ̀ mọ irú ìlú tí ọmọ kan ti ń sọ èdè méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, tí ilé ìwòsàn sì kún tí oníṣẹ́ kò tó. Mi ò san kọ́bọ̀, àfi dátà. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ àwọn tó ṣeé fọkàn tán, àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní DOAJ, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden ní ọdún 2003 pẹ̀lú jọ́nàlì 300. Ó ti lé ní 20,000 báyìí.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́? Rárá o, ẹnì kan ṣáà ń san án. Nígbà mìíràn ìjọba tàbí yunifásítì ni. Nígbà mìíràn ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn jọ́nàlì kan sì ń gba ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo. Ẹ wá sọ fún mi níbi tí olùkọ́ yunifásítì kan nílẹ̀ wa á ti rí i. Àwọn kan máa ń dín in kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́ fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tálákà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Lójú tèmi, èyí dà bíi kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, kí wọ́n lọ ti tẹ̀yìn. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ti wọlé: jọ́nàlì ayédèrú tó ń gbowó, tí kì í fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò, tí á tẹ ohunkóhun tí o bá fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa wo àkójọ yẹn kí ẹ tó gba ohun tí ẹ kà gbọ́.

Kí ni mo wá rí nípa kíkólòlò? Láàárín ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bíi márùn-ún ló máa ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, nǹkan bí ẹnì kan ni ó kù, ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ. Kì í ràn. Kò sí ìwádìí tó fi hàn pé ẹni tó bá sín akólòlò jẹ á di akólòlò, kò sì kan ọpọlọ pípé. Ìpayà lè mú un le sí i, ṣùgbọ́n ìpayà kọ́ ló bí i. Ó máa ń wà nínú ẹbí. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ Dennis Drayna ní Amẹ́ríkà rí àyípadà nínú apilẹ̀ àbùdá àwọn akólòlò kan. Ní ọdún 2015, wọ́n tún rí òmíràn nípasẹ̀ ẹbí ńlá kan ní Cameroon, ẹnu ibodè wa níbí, tí akólòlò pọ̀ nínú wọn.

Mo ka èyí sétí ìyá mi ní Yorùbá, nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dákẹ́. Ó wá ní kí n tún un kà. Ìgbà náà ló sọ fún wa pé láti ọdún yìí wá, òun ti gbà pé òun lòun fà á, torí pé òun pariwo mọ́ ọmọ náà gidigidi lọ́jọ́ tó fọ́ àwo nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń kólòlò, bàbá wọn náà ń kólòlò, kò sì sẹ́ni tó so ó pọ̀ rí. Wendell Johnson kò mọ ìyá mi, ìyá mi kò sì mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ẹrù kan náà ni.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Akólòlò kì í sábà kólòlò tó bá ń kọrin, tàbí tó bá ń kàwé pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fetí sí àsẹ́ńbìlì, kò sí akólòlò kankan nínú pledge. Àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dán an wò: tí wọ́n bá ní kó ka ìwé sókè ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a ka ìlà méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á fi í sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìlà méjì yẹn, ṣùgbọ́n ó ti ń na ọwọ́ sókè láti kàwé, èyí tí kò ṣe rí. Tí ẹ bá ń bá akólòlò sọ̀rọ̀, ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì sọ pé kó mí kanlẹ̀, ó ń mí tẹ́lẹ̀. Ẹ máa wo ojú rẹ̀, kí ẹ dúró. Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń pe rẹ́jísítà, ẹ jọ̀wọ́, sà àti mà, ṣé ẹ lè gbà kí ẹni tó bá fẹ́ na ọwọ́ na ọwọ́?

Fún ẹni tó bá fẹ́ kà fúnra rẹ̀: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, oorun á gbé yín. Ẹ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ kúkurú òkè, kí ẹ fò lọ síbi ìparí, lẹ́yìn náà kí ẹ padà wá wo iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò àti ibi tí wọ́n ti rí wọn. Ọmọ mẹ́wàá ní ìlú kan kì í ṣe gbogbo ayé.

Mo ti túmọ̀ ìpínrọ̀ òkè àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ìwé àṣẹ wọn gbà bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé lórí tábìlì ilé ìkàwé. Ẹ kà á níbẹ̀, ẹ má gbé e jáde. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí tí mo lò lọ, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé. Àbúrò mi ti kọ méjì síbẹ̀.